Gbogbo Aláǹgbá Ló Danú Délẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Àìsàn Tí Akẹgbẹ́ Wa Fi Pamọ́ Níbi Iṣẹ́

Àwọn àgbà tó fara balẹ̀ wo aláǹgbá lára ògiri ló pa á lówe pé gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ó bá sì ṣe é ṣe kí àwọn àgbà náà padà wá sáyé lónìí, kí wọ́n wọ ọ́fíìsì ìjọba kan ní Agodi ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, tàbí ilé ìfowópamọ́ kan ní Marina ní Èkó Àkéte, kí wọ́n rí àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ti tò jókòó nídìí tábìlì, tí aṣọ wọn mọ́ tónítóní, tí olúkúlùkù sì ń dá ẹni tó bá kí i lóhùn pé dáadáa ni, òwe yìí kan náà ni wọn ìbá tún pa. Ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún lè jẹ́ alátọ̀gbẹ tó ń sá wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i; wárápá lè ti gbé ẹni tó wà lápá òsì ṣánlẹ̀ lóru àná; ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ súwẹ́tà nínú ooru oṣù kẹta lè jẹ́ ẹni tí àrùn fòníkúfọ̀ladìde ń jẹ ní eegun; obìnrin tó sì ń pa gbogbo ènìyàn lẹ́rìn-ín lè jẹ́ ẹni tí kì í sùn lóru nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí kò lè ròyìn rẹ̀ fún ọkọ, áḿbọ̀sì ọ̀gá.

Nígbà tí irú àṣírí bẹ́ẹ̀ bá tú sí akẹgbẹ́ kan lọ́wọ́, ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbà. Àwọn kan a ní ẹ̀tàn ni, pé ẹni tó ń ṣàìsàn tí kò sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti rẹ́ wọn jẹ. Àwọn kejì a ní kò kàn àwọn, wọn a gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn a máa wo akẹgbẹ́ wọn bí ó ti ń rọ díẹ̀díẹ̀. Èrò tèmi ni pé àwọn ìhà méjèèjì kò dára. Àìsàn ẹni, ohun ìní ẹni ni, olówó rẹ̀ nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ná an. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kò dúró de orúkọ àrùn, nítorí a lè mọ ohun tí ènìyàn nílò, kí á sì ṣe é fún un, láìmọ ohun tó ń ṣe é láéláé.

Bí a bá ń wá ìdí tí ènìyàn fi ń fi àìsàn pamọ́ níbi iṣẹ́, kí á má wá a níbi iṣẹ́ nìkan, torí ilé ló ti ṣẹ̀ wá. Nílẹ̀ Yorùbá, kí ìdílé méjì tó di àna ara wọn, alárinà yóò kọ́kọ́ rin ìrìn jẹ́jẹ́, yóò wádìí lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò bóyá wèrè ti ṣe ẹnìkan rí nínú agboolé náà, bóyá ẹ̀tẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, bóyá wárápá ń bẹ níbẹ̀. Bí ìwádìí náà kò bá sì so èso rere, kì í ṣe aláìsàn nìkan ló pàdánù, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí orí kò fọ́ rí yóò pín nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ọ́fíìsì ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kì í sì pẹ́ dé agboolé, nítorí akọ̀wé tó gbọ́ ọ ní ìyàwó, ìyàwó rẹ̀ ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ní ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lè máà ṣe é nítorí ara rẹ̀ rárá; ó lè jẹ́ pé ọmọ ìyá rẹ̀ tó fẹ́ relé ọkọ ló ń dáàbò bò.

Ẹ tún fi ti ẹ̀rù ayé kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a ti kàwé tó, gbà nínú ọkàn wa pé ẹni tó bá mọ ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀ ti mọ ibi tí yóò tẹ̀. Bí ipò kan bá sì ṣófo, tí ẹni méjì ń dù ú, tí ọ̀kan nínú wọn ti sọ nígbà kan rí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ òun lẹ́nu, kò ní pẹ́ tí a ó fi gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe bí ẹni ń káàánú rẹ̀ pé iṣẹ́ náà yóò le jù fún un. Ti òṣìṣẹ́ kásúà ló tún burú jù, ẹni tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó yanjú, tó mọ̀ pé ọjọ́ tí òun kò bá yọjú ni a ó pe ẹlòmíràn wọlé láti ẹnu géètì. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi ìrora pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù, tí ó gbé àpótí tí kò yẹ kó gbé, oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé.

Nínú gbogbo àìsàn tí a ń fi pamọ́ bẹ́ẹ̀, àrùn fòníkúfọ̀ladìde ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá jù, nítorí kò sí orílẹ̀-èdè tí a ti ń bí àwọn ọmọ tó ní in tó Nàìjíríà: nǹkan bí 150,000 ọmọ lọ́dọọdún ni, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló sì ru àbùdá rẹ̀ láìṣàìsàn. Láyé àtijọ́, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dàgbà. Ṣùgbọ́n nípa ìmọ̀ ìṣègùn, àti nípa iṣẹ́ àwọn ènìyàn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú, tó wà lára àwọn tó dá àjọ tó ń rí sí àrùn náà sílẹ̀ ní 1994, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà, wọ́n ti jáde ní yunifásítì, wọ́n ti di olùkọ́ àti agbẹjọ́rò àti akápò. Àwọn gan-an ló wà láàárín wa ní ọ́fíìsì. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn tó yẹ kó rí roboto a máa tẹ̀ kọrọdọ, a sì dí ojú iṣan, ìrora a wá bẹ́ sílẹ̀ nínú eegun. Òtútù a máa fà á, àìmu omi tó a máa fà á, àṣejù iṣẹ́ àti ibà a máa fà á. Lọ́la, ẹni náà yóò tún dìde, yóò wọ aṣọ, yóò wá síbi iṣẹ́, àwọn tí kò mọ̀ yóò sì máa sọ pé ọ̀lẹ ni, pé ọjọ́ Ajé nìkan ni àìsàn tirẹ̀ mọ̀ ọ́n dé.

Àṣírí sábà máa ń tú lójijì. Ìwé ilé ìwòsàn lè jábọ́ láti inú fáìlì; ẹnìkan lè wá bírò nínú dúrọ́ọ̀ kí ó bá ìgò oògùn pàdé; nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ará ilé ọ̀kan nínú wa lè sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ ọmọlúwàbí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́; lóde òní a ti ní ẹnu tó tóbi ju ti àtijọ́ lọ, nítorí ohun tí akẹgbẹ́ kan fi sórí Wáásáàpù ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́sàn-án, ẹnìkan á ti kà á ní London kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ gbé e gba ọ̀nà àdúrà: wọn a dìde níbi ìpàdé àdúrà àárọ̀, wọn a dárúkọ ẹni náà, wọn a ní kí gbogbo ìjọ bá a gbógun ti ẹ̀mí àìsàn. Ọlọ́run tí à ń gbàdúrà sí ti mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ni kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí, ẹ jẹ́ kí á rántí ẹjọ́ nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó, tí kò yẹ kí ó parẹ́ lọ́kàn wa. Ní 1995, obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ó lóyún, eéwo sì yọ sí i lára. Dókítà tó gbà á síṣẹ́ ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìsọ ohun tí a ń wá fún un, nígbà tí èsì sì fi hàn pé kòkòrò HIV ń bẹ lára rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2000 ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ gíga. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà kò gbà kí ó wọ inú ilé ẹjọ́ wá jẹ́rìí, nítorí ìbẹ̀rù pé yóò kó o ran àwọn ènìyàn. Ó di 2012 kí adájọ́ mìíràn tó dá a láre, tó ní lílé tí a lé e lẹ́nu iṣẹ́ lòdì sí òfin, pé yíyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lòdì sí òfin, tó sì ní kí a san mílíọ̀nù méje náírà fún un. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ló kọjá láàárín ìlélọ àti ìdáláre, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ni gbogbo àwọn tó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀, àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé jíjọ jókòó, jíjọ bọ ọwọ́, jíjọ mu omi nínú ife kan kì í ran kòkòrò náà.

Òfin ti wá ń gbìyànjú láti dí ihò náà. Òfin Ìlera ti 2014, ní abala 26, sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera ẹni tó wá gba ìtọ́jú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tú u àfi bí ẹni náà bá fọwọ́ sí i ní kíkọ sílẹ̀, tàbí tí ilé ẹjọ́ tàbí òfin pa á láṣẹ, tàbí tí pípa á mọ́ yóò fi ìlera ará ìlú sínú ewu ńlá. Òfin mìíràn ti ọdún kan náà kà á léèwọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ HIV dí ènìyàn lọ́nà iṣẹ́. Láti 1974 sì ni òfin iṣẹ́ ti wà tó fún òṣìṣẹ́ tó bá mú ìwé dókítà wá ní ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá lọ́dún láti fi tọ́jú ara rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò ní dín. Ó dára, ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Àwa tí a wà níbẹ̀ ni yóò pinnu bóyá ọ̀rọ̀ yóò dúró tàbí yóò rìn.

Báwo wá ni a ó ṣe tọ ẹni náà lọ? Èkíní, kí á má tọ̀ ọ́ lọ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èkejì, kí á má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè tó ń wá orúkọ àrùn. Ìyá àgbà kan tó ń ṣe ọ̀gá lẹ́ka ìṣirò owó lè dúró títí gbogbo ènìyàn yóò fi jáde lọ jẹun, kí ó wá sọ fún ọmọbìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé: "Àbúrò mi, mo rí i pé ara rẹ kò lélẹ̀ láàárọ̀. N kò bi ọ́ ní ohun tó fà á, o kò sì jẹ mí ní àlàyé. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí ni o fẹ́ kí n ṣe, ta sì ni kí n pè?" Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ló ṣàkíyèsí àgbà, ohùn yóò tún rẹlẹ̀ sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kì í ṣe pé mò ń ṣọ́ yín o. Bí ẹ bá fẹ́ kí n máa bá yín gun òkè lọ mú fáìlì wá, ẹ sáà ti ṣẹ́ ojú sí mi." Bí ẹni náà bá ní kò sí nǹkan, kí á gbà bẹ́ẹ̀. A ti ṣí ilẹ̀kùn. Wíwọlé di tirẹ̀.

Ti ọ̀gá yàtọ̀ díẹ̀, nítorí agbára ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àgbà kì í sì wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀gá tó gbọ́n kò ní láti mọ̀ pé fòníkúfọ̀ladìde ló ń bá akọ̀wé rẹ̀ jà kí ó tó gbé àga rẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, kí ó jẹ́ kí ó máa gbé omi sórí tábìlì, kí ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ òru. Kò ní láti mọ̀ nípa àtọ̀gbẹ kí ó tó pàṣẹ pé ìpàdé kankan kò gbọdọ̀ gba àkókò oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Bí ó bá sọ ọ́ di ìlànà fún gbogbo òṣìṣẹ́, aláìsàn yóò jẹ nínú rẹ̀ láìsí pé a nàka sí i. Kí ó sì rántí àwọn tí ara wọn le, nítorí ẹjọ́ tiwọn náà wà ńlẹ̀: ẹni tó ń bá ẹlòmíràn gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe léraléra yóò kùn, kíkùn rẹ̀ kò sì burú. Kí ọ̀gá pín iṣẹ́ náà lójú gbogbo ènìyàn, kí ó san owó àfikún fún ẹni tó yẹ, kí ó má sì fi àìsàn ẹnìkan ṣe àlàyé. "Èmi ni mo tò ó bẹ́ẹ̀" ti tó ní gbólóhùn fún ọ̀gá.

Nǹkan kan wà tí gbogbo wa gbọdọ̀ mọ̀, yálà a mọ àṣírí ẹnìkan tàbí a kò mọ̀ ọ́n, nítorí ọjọ́ tí ara bá kọ̀ fún ènìyàn lójú gbogbo ayé kì í dá ìgbà. Bí wárápá bá gbé ẹnìkan ṣánlẹ̀, àwọn ará ilé iṣẹ́ a máa sá nítorí ìgbàgbọ́ àtijọ́ pé itọ́ rẹ̀ ń ranni. Kò ranni rárá. Kí á kó àga àti ohun mímú kúrò lẹ́bàá rẹ̀, kí á fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí á yí i sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí gìrì náà bá rọlẹ̀. Kí á má dì í mọ́lẹ̀, kí á má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí á wo aago, bí ó bá sì lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí á gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí ènìyàn bá ń làágùn, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ bí ti ọ̀mùtí, kí á má yára sọ pé ó ti mu ọtí wá síbi iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé súgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Bí ó bá lè gbé nǹkan mì, kí á fún un ní ohun mímu tó ládùn. Bí ó bá ti dákú, kí á má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí á gbé e lọ kíá. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan ṣíji bò ó lọ́wọ́ àwọn tó ń fi fóònù ya àwòrán. Ènìyàn boni lára ju aṣọ lọ.

Ǹjẹ́ kò sí àìsàn tí kò yẹ kí á bá ènìyàn fi pamọ́? Ó wà. Bí awakọ̀ tó ń gbé ọmọ ilé ìwé bá ní wárápá tí oògùn kò tíì kápá, ẹ̀mí àwọn ọmọ náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ta tẹ́tẹ́. Bí ẹnìkan bá ń wú ikọ́ ife nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti wọlé, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló wà nínú ewu. Síbẹ̀, ọ̀nà wà tí a ń gbà tọ̀ ọ́. Kí á kọ́kọ́ bá olówó ọ̀rọ̀ sọ ọ́, kí á fún un láyè láti fúnra rẹ̀ lọ bá ọ̀gá tàbí dókítà ilé iṣẹ́. Bí ó bá kọ̀, kí á sọ fún ẹnì kan ṣoṣo tí agbára àtúnṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí á sì sọ kìkì ohun tó kan ewu náà. Oògùn ikọ́ ife kì í ṣe títà ní ilé ìwòsàn ìjọba, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni a fi ń lò ó, agbára ikọ́ náà láti ranni sì ti ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹni tó sinmi nílé fúngbà díẹ̀ lè padà wá sórí àga rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ju pé ó gba ìsinmi lọ.

Ti àwọn ẹni ńlá pàápàá kọ́ wa pé kìkì ohun tó kan iṣẹ́ ló yẹ kí á sọ, kì í ṣe orúkọ àrùn. Ní oṣù kọkànlá 2009, wọ́n gbé Ààrẹ Umaru Yar'Adua lọ sí Jeddah fún ìtọ́jú, kò sì fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin láti gbé iṣẹ́ lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó di ọjọ́ 9 oṣù kejì 2010 kí ilé aṣòfin tó fi Goodluck Jonathan ṣe adelé. Gbogbo ìlú ń pariwo pé kí a sọ ohun tó ń ṣe Ààrẹ, bẹ́ẹ̀ ìwé kan ṣoṣo tó gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni ìbá ti yanjú ọ̀ràn náà, bí a kò tilẹ̀ mọ ibi tó ti ń dùn ún. Yàtọ̀ sí èyí ni ti olórin tí a ń pè ní Abàmì Ẹ̀dá, Fẹlá Aníkúlápó Kútì, tó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1997. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, oníṣègùn tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé àrùn éèdì ló pa á. Ọ̀rọ̀ náà mì gbogbo ìlú, ó sì la ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́, ẹni tí ọ̀fọ̀ náà ṣẹ̀, kì í ṣe ẹni tí wọ́n jọ ń fọn fèrè.

Bí ẹnìkan bá sì ní ibi iṣẹ́ kì í ṣe ilé ìwòsàn, kí ó lọ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àrò l'Ábẹ́òkúta. Láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Làmbò, ọmọ Ẹ̀gbá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ará ilé wọn kan. Wọn a gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọn a sì máa gbé láàárín àwọn àgbẹ̀ bí ènìyàn. Àwọn oníṣègùn láti ìlú òyìnbó wá wò ó, ẹnu yà wọ́n. Bí àwọn ará abúlé tí kò kàwé bá lè gba ẹni tí orí rẹ̀ dàrú mọ́ra, tí wọ́n fún un ní ọkọ́ àti oúnjẹ, kí ni àwíjàre àwa tí ìwé ẹ̀rí wa kún ògiri?

Mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ìwọ náà tí o fi tìrẹ pamọ́. O kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ṣùgbọ́n yan ẹnì kan, ẹnì kan péré, tó mọ ibi tí oògùn rẹ wà àti nọ́ńbà tí yóò pè, nítorí ara kì í bi ni kó tó ṣubú. Bí o bá wo yíká ọ́fíìsì rẹ tí o kò rí ẹnì kan bẹ́ẹ̀, àwa tí a jọ wà níbẹ̀ ló yẹ kí ojú tì. Kí olúkúlùkù ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí ní àárọ̀ ọ̀la kí ó tó jókòó sídìí iṣẹ́: nínú gbogbo àwọn tó yí mi ká, ta ló lè sọ ti ara rẹ̀ fún mi lónìí, kí ó sì ṣì wà lórí àga rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀?